Bí ẹ ṣe lè mú kí ẹ̀kọ́ dùn mọ́ àwọn ọmọ Júù, pàápàá lásìkò tí nǹkan ò fara rọ yìí

Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé ìwé àwọn Júù. A wà níbẹ̀ o, ní London, ní Hendon, ní Golders Green, ní Stamford Hill, àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ran tíṣà lọ́wọ́ ní kíláàsì, tó ń tọ́jú ọmọ ní nọ́sìrì, tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ó sì wà fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ọkọ tàbí aya tó jẹ́ Júù, tọ́mọ yín ń lọ kọ́ Hébérù láràárọ̀ Sọ́ńdè. Ẹni tí kò sí nínú méjèèjì náà lè jókòó kà á, torí ẹni tó bá ti kọ́ ọmọdé rí, ó mọ̀ pé tójú ọmọ bá ti wálẹ̀, ẹ lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní wọlé.

Mi ò ní pẹ́ lórí ohun tó le, gbogbo wa la ń gbọ́ ìròyìn. Láti October 7, 2023 tí Hamas wọ Ísírẹ́lì, tí wọ́n pa bíi 1,200 èèyàn, tí wọ́n kó 251 lọ sí Gásà, tí ogun wá tẹ̀ lé e, ara àwọn ọmọ wọ̀nyí ò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ mọ́. Sẹkúríìtì ti máa ń dúró ní géètì ilé ìwé Júù tipẹ́ nílùú yìí, ṣùgbọ́n ó ti wá le sí i, àwọn ilé ìwé kan tiẹ̀ sọ fáwọn ọmọ pé wọ́n lè bọ́ kóòtù yúnífọ́ọ̀mù wọn tí wọ́n bá fẹ́ jáde, kí ẹnikẹ́ni má bàa dá wọn mọ̀ lọ́nà. Ní October 2, 2025, Ọjọ́ Ètùtù gan-an, ọkùnrin kan lọ kọ lu àwọn tó wá gbàdúrà ní sínágọ́gù kan ní Manchester, èèyàn kú níbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ń gbọ́ gbogbo ẹ̀ o, ẹ̀yin ẹ rò pé Lego ló gbájú mọ́.

Ohun tí àwọn tíṣà wá máa ń bi ara wọn ni pé, ṣé ó tiẹ̀ yẹ ká máa jó ká máa kọrin nígbà tí àwọn kan ń ṣọ̀fọ̀ nílé? Lójú tèmi, kò yẹ kí ìbéèrè yẹn pẹ́ nílẹ̀, torí àwọn Júù fúnra wọn ti dáhùn ẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, inú kàlẹ́ńdà ni wọ́n kọ ìdáhùn ẹ̀ sí. Ayọ̀ ní ọjọ́ tiẹ̀, ó ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kì í dúró de ìgbà tí inú èèyàn bá dùn.

Torí náà, kàlẹ́ńdà lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ẹ gbà á ní ọ́fíìsì, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Oṣù kan wà tí wọ́n ń pè ní Ádà, ó máa ń bọ́ sí February tàbí March, Talmud, ìyẹn ìwé ńlá tí wọ́n kó ẹ̀kọ́ àwọn rábì àtijọ́ jọ sí, sọ pé tó bá ti wọlé kí èèyàn fi kún ayọ̀. Ibi kan náà yẹn ló ti sọ pé tí oṣù Áfù bá wọlé, ìyẹn bíi July sí August, kí wọ́n dín in kù, torí oṣù yẹn ni wọ́n wó Tẹ́ńpìlì. Ṣé ẹ rí i, àtifikún àtidínkù, ẹnu kan náà ló ti jáde. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe nǹkan ìdùnnú fáwọn ọmọ, ẹ gbé e lé ọjọ́ tó ni ín. Kẹ́ ẹ ṣàdédé sọ pé àwọn ọmọ ń ronú, ẹ jẹ́ ká ṣe pátì, ọmọ á mọ̀ pé nǹkan kan lẹ fẹ́ fi pa mọ́ fóun, ẹ̀rù á tún wá bà á sí i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Manchester yẹn. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Tíṣírì ni Ọjọ́ Ètùtù, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún ni Àjọ Àgọ́, àjọ tí àdúrà wọn pè ní àsìkò ayọ̀ wa, kò sì sẹ́ni tó lè sún un síwájú. Ọ̀sẹ̀ kan ò tíì pé tí èèyàn kú, àjọ ayọ̀ dé. Tíṣà tó bá bá ara ẹ̀ nírú ọ̀sẹ̀ bẹ́ẹ̀, kó kó àwọn ọmọ jáde lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àgọ́, kí wọ́n máa gé bébà aláwọ̀, kí wọ́n máa so èso oníke mọ́ òrùlé, kí ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ẹ ò ní gbàgbọ́ ohun tí ọmọ máa ń sọ tó bá di síṣọ́ọ̀sì mú tí kò sẹ́ni tó tẹjú mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní Bíbélì lọ́wọ́, ẹ ṣí Nehemáyà orí 8. Ẹ́sírà ń ka òfin níwájú Ẹnubodè Omi látàárọ̀ dọ̀sán, àwọn tó ń gbọ́ bú sẹ́kún. Kíláàsì tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń sunkún nìyẹn o! Kò sẹ́ni tó lé wọn lọ sílé pé tí wọ́n bá ti sunkún tán kí wọ́n padà wá. Wọ́n ní kí wọ́n lọ jẹ ọlọ́ràá, kí wọ́n mu ohun dídùn, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní, torí ayọ̀ Olúwa ni agbára wọn. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún padà sídìí ẹ̀kọ́, wọ́n ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ Àjọ Àgọ́, ni wọ́n bá jáde lọ gé ẹ̀ka igi. Àwa nílé ìjọsìn wa, ìparí ẹsẹ 10 yẹn la máa ń mú kọrin, a ó fo ti oúnjẹ, a ó fo ti ẹni tí kò ní. Tíṣà ò gbọ́dọ̀ fò ó, ibẹ̀ niṣẹ́ tiẹ̀ wà.

Ó yá, ẹ ti wọ kíláàsì, ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ nìyí. Ẹ pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Talmud sọ nípa olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Rabbah, pé kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ á kọ́kọ́ dápàárá, àwọn rábì á rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ni á wá jókòó pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́run kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà onírùngbọ̀n ni Rabbah ń kọ́ o, kì í ṣe ọmọ nọ́sìrì. Tiwa tiẹ̀ rọrùn, torí àlọ́ apamọ̀ ti wà lẹ́nu wa láti kékeré. Ẹ yọ ọ́ látinú ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ wọn gan-an. Tó bá jẹ́ ìwé Jónà lẹ fẹ́ kà, ẹ bi wọ́n pé, ta ló sanwó ọkọ̀ tí ọkọ̀ ò sì gbé e débi tó ń lọ? Wọ́n á máa pariwo orúkọ, Nóà, Mósè, Ábúráhámù, ẹ jẹ́ kí wọ́n pariwo. Nígbà tí mo lò ó, ọmọbìnrin kan tó ti mọ̀ pé Jónà ni ò tiẹ̀ dá mi lóhùn, ó kàn nawọ́ sókè, ó ní, “Miss, ṣé wọ́n dá owó ẹ̀ padà?” Kíláàsì dàrú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni, àbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Orí kìíní ẹsẹ kẹta ló wà pé ó sanwó ọkọ̀, la bá ṣí i, ni wọ́n bá ń wá ibi tí wọ́n ti dá owó padà kiri, kí n tó mọ̀ wọ́n ti ka gbogbo orí yẹn tán, èmi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni kó dákẹ́. Ohun kan ṣá, àpárá yín ò gbọ́dọ̀ dé orí ogun, kò sì gbọ́dọ̀ dé orí ọmọ tí Hébérù ń ṣòro fún láti kà.

Oúnjẹ ló kàn. Láyé àtijọ́, àwọn Júù ilẹ̀ Jámánì àti Faransé, tí wọ́n bá ń mú ọmọ lọ sílé ẹ̀kọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, ọjọ́ Àjọ Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń mú un lọ, wọ́n á kọ lẹ́tà Hébérù sórí síléètì, wọ́n á fi oyin pa á, ọmọ á sì fi ahọ́n lá a. Ẹ lè ṣe é lónìí láìsí síléètì. Ẹ tẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ Hébérù ọmọ kọ̀ọ̀kan jáde kó tóbi dáadáa, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ bò ó, ẹ kán oyin sí i, kí ọmọ fi ìka tẹ̀ lé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kó tó lá ìka ẹ̀. Tiẹ̀ ni kó lá o, kó máà jẹ́ ti ẹlòmíì, ẹ ti mọ àwọn ọmọ yín. Ẹ má sì fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ bá ẹ̀yin ìyá wa sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín yá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé chin-chin yín lọ síbẹ̀! Kò sí bó ṣe lè dùn tó, tí kò bá ti ní àmì kóṣà, ìyẹn àmì pé ó bá òfin oúnjẹ wọn mu, wọn ò ní gbà á, ẹ ó sì dójú ti ara yín níwájú ọmọ. Ẹran àti mílíìkì kì í pàdé lórí tábìlì wọn, tó bá sì di Àjọ Ìrékọjá, búrẹ́dì, bísíkíìtì, kéèkì, gbogbo ẹ̀ máa ń kúrò nílẹ̀. Ẹ bi ọ́fíìsì kẹ́ ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ sì bi wọ́n nípa ọmọ tí ẹ̀pà máa ń yọ lẹ́nu.

Àjọ Ìrékọjá yẹn fúnra ẹ̀, ẹ̀kọ́ ọmọdé ni látòkè délẹ̀. Talmud sọ pé Rábì Akiva máa ń pín ọkà yíyan àti náàtì fáwọn ọmọ nírọ̀lẹ́ àjọ kí oorun má bàa gbé wọn lọ, torí ọmọ tó bá ti sùn kò lè béèrè ìbéèrè, alẹ́ ìbéèrè sì ni alẹ́ yẹn. Ọmọ tó kéré jù ló máa ń kọrin ìbéèrè mẹ́rin tó wà níbẹ̀, wọ́n á fi ege àkàrà aláìwú kan pa mọ́, ọmọ tó bá rí i á dúnàádúrà kó tó dá a padà, wọn ò sì lè parí oúnjẹ títí á fi rí ẹ̀bùn ẹ̀ gbà. Ẹ wo ọgbọ́n àwọn àgbà wọ̀nyẹn. Ní kíláàsì, ẹ kọ ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí káàdì, ẹ gé káàdì kọ̀ọ̀kan sí méjì, ẹ fi wọ́n pa mọ́ sábẹ́ àga, sínú bàtà òjò, ẹ ní kí wọ́n wá a kí wọ́n tò ó pọ̀. Ọmọ tí kì í fẹ́ jókòó ni á kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kà.

Lọ́jọ́ Fráídé, búrẹ́dì Ṣábáàtì. Ẹ pín ìyẹ̀fun pípò náà fún wọn, kí kálukú fa tiẹ̀ sí okùn mẹ́ta kó sì dì í. Èyí ni kò sẹ́ni tó lè kọ́ àwa, ẹni tó ti di irun ọmọ rí láàárọ̀ Mọ́ńdè tí bọ́ọ̀sì ń dúró, àkàrà wo ló tún kù tí kò lè dì.

Ẹ má wá fi gbogbo eléyìí bo ẹkún mọ́lẹ̀ o. Àwọn Júù kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ní alẹ́ Ìrékọjá kan náà yẹn, tí wọ́n bá dé orí ìyọnu mẹ́wàá, wọ́n á fi ìka kán wáìnì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá látinú kọ́ọ̀bù, ohun tí ọ̀pọ̀ ilé sì máa ń sọ fún ọmọ ni pé ayọ̀ wa dín kù torí àwọn ará Íjíbítì náà jìyà. Ọmọ ọdún márùn-ún lè fi jùúsì àjàrà ṣe é, á sì yé e ju wákàtí kan ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Tí ọmọ bá bi yín nípa àwọn ọmọdé Gásà, ó máa bi yín, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ìyà ń jẹ àwọn ọmọdé níbẹ̀, ó dùn wá, ẹ sì rán an létí wáìnì yẹn. Àríyànjiyàn òṣèlú, ẹ fi sílẹ̀ fún WhatsApp àwọn àgbà, ibẹ̀ náà ò tiẹ̀ gba gbogbo ẹ̀.

Tí ọ̀kan bá wá bi yín pé, “Ṣé wọ́n máa wá pa àwa náà ni?” ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ má sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ láéláé, torí ó ti gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀ níbòmíì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kójú yín àti tiẹ̀ dọ́gba. “Mo gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. Àwọn tó wà ní géètì yẹn, iṣẹ́ wọn ni láti máa ṣọ́ wa. Àwa tíṣà mọ ohun tá a máa ṣe. Èmi náà wà níbí.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ jókòó tì yín díẹ̀ tàbí ó fẹ́ padà lọ ṣeré, kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹni tó ń mójú tó ààbò ọmọ nílé ìwé gbọ́ sí i kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn tó dàgbà díẹ̀, ẹ gbé àpótí kékeré kan sí ẹ̀yìn kíláàsì kí wọ́n máa ju ìbéèrè sí i láìkọ orúkọ, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ tú u kó tó di Fráídé, tẹ́ ò bá ní tú u ẹ má gbé e síbẹ̀ rárá.

Púrímù, àjọ inú oṣù Ádà tí wọ́n ti ń ka ìwé Ẹ́sítérì, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀, òun náà ló sì gbẹgẹ́ jù lásìkò yìí, torí ìtàn Hámánì, ọkùnrin kan tó jókòó sí ààfin tó ń mú ọjọ́ tí wọ́n máa pa gbogbo Júù run ni. Àwọn tíṣà kan máa ń fẹ́ fo ibẹ̀, kí wọ́n kàn ṣe ti adé Ẹ́sítérì àti aṣọ aláràbarà. Mi ò fara mọ́ ọn. Ọmọ tó ti ń gbọ́ ìbẹ̀rù nílé, ìtàn yìí ló fún un láyè láti ṣe nǹkan sí i: gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe orúkọ Hámánì nínú kíkà, ọmọ ló láṣẹ láti fi ariwo bo orúkọ náà mọ́lẹ̀. Níbo lẹ ti tún rí i tí wọ́n ti ní kí ọmọdé pariwo nínú ilé àdúrà?

Nǹkan ariwo yẹn, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe é. Ike omi kékeré tó ti gbẹ dáadáa, ìkúnwọ́ ẹ̀wà gbígbẹ, ẹ dé e pa, ẹ fi téèpù yí ọmọrí ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì torí wọ́n máa gbìyànjú láti ṣí i. Mo kọ́ tèmi bí wọ́n ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ó dùn ju kí wọ́n kàn máa gbọ̀n ọ́n lọ. Ẹ ya àwòrán méjì, ọ̀kan ewéko, ọ̀kan pupa. Tẹ́ ẹ bá gbé pupa sókè, gbogbo ọwọ́ á dúró. Ẹ fi ìdánrawò bíi mẹ́ta ṣáájú, ìdánrawò yẹn gan-an ló máa ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín jù. Ọmọ tí ariwo máa ń dà láàmú, ẹ jẹ́ kó jókòó nítòsí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ohun ìbòtí, tàbí kẹ́ ẹ fún un ní àwòrán yẹn kó máa gbé e, kó jẹ́ pé òun ni ọ̀gá ariwo. Ẹ sọ fún sẹkúríìtì tẹ́lẹ̀ pé ariwo ń bọ̀ láago báyìí, ẹ má lo ohùn sáírìn, ẹ má gba ìbọn oníke láàyè, kí àgbàlagbà kankan má fi ìbòjú wọlé láti géètì. Orí kẹsàn-án ìwé Ẹ́sítérì, níbi tí ìjà ti pọ̀, àwọn kéékèèké ò nílò ẹ̀. Àwọn tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá lè bá yín jiyàn lé e lórí, ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn.

Àti fífi oúnjẹ ránṣẹ́ síra ẹni. Òfin Púrímù ni, ó kéré tán oríṣi oúnjẹ méjì sí ẹnì kan, kí wọ́n sì ta tálákà méjì lọ́rẹ. Àwọn ọmọ máa ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ wọn, ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń ṣọ́ géètì náà. Mo rí i bí ọkùnrin gíga kan, tí mi ò rí eyín ẹ̀ rí, ṣe wọ ẹ̀wù ààbò dúdú, tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ọmọ nọ́sìrì kó lè gba àpò bébà lọ́wọ́ ẹ̀, tí ọmọ náà ò sì fẹ́ fi sílẹ̀ torí ó ti gbóòórùn bísíkíìtì inú ẹ̀. Wọ́n fa àpò yẹn títí. Nígbẹ̀yìn wọ́n pín in. Láti ọjọ́ yẹn, orúkọ ẹ̀ ni àwọn ọmọ fi ń kí i láràárọ̀, kì í ṣe ẹni ẹlẹ́wù dúdú mọ́.

Simchat Torah, àjọ tí wọ́n fi ń yọ̀ nítorí Tórà, ìwé òfin Mósè, lọ̀rọ̀ ẹ̀ ta kókó jù, torí ọjọ́ àjọ yẹn gan-an ni October 7 bọ́ sí ní Ísírẹ́lì. Ọjọ́ tí wọ́n máa ń gbé Tórà jó yípo lẹ́ẹ̀meje, tí wọ́n máa ń kó gbogbo ọmọdé sábẹ́ aṣọ àdúrà kan ṣoṣo. Àwọn sínágọ́gù kan ti ya ọ̀kan sọ́tọ̀ nínú àyípo méje yẹn, wọ́n á fi orin jẹ́jẹ́ rìn ín, ìyókù wọ́n á jó o. Ẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, ẹ sọ ìdí ẹ̀ ní gbólóhùn kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rí i pé àyípo tó gbẹ̀yìn jẹ́ ti ijó.

Ẹni tó bá ṣì ń rò pé eré lásán la fi èyí ṣe, kó lọ wádìí Friedl Dicker-Brandeis. Ayàwòrán ni. Ní December 1942 ni àwọn Násì kó o lọ sí Theresienstadt, ibi tí wọ́n há àwọn Júù mọ́ ní ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdé ní àwòrán níbẹ̀ lórí bébà yòówù tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀. Òdòdó, yàrá, ìtàn àròsọ, ohun tó wù wọ́n ni wọ́n ń yà, ó sì ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn sí i. Kí wọ́n tó gbé e lọ sí àgọ́ ikú Auschwitz ní October 1944, níbi tí wọ́n ti pa á, wọ́n ti kó àwòrán bíi 4,500 sínú àpótí méjì, wọ́n sì fi pa mọ́. Ilé àkójọ nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Júù ní Prague ló wà báyìí. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọmọ náà ò yè é. Ohun tẹ́ ẹ máa mú níbẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá gbé bébà fún ọmọ lásìkò yìí, ẹ má sọ fún un pé kó ya ogun tàbí kó ya àlàáfíà. Ẹ jẹ́ kó ya ológbò ẹ̀ tó bá wù ú. Kó sì kọ orúkọ ẹ̀ sí i.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Àwọn tíṣà kan wà tí àbúrò wọn tàbí ọmọ wọn wà ní Ísírẹ́lì, fóònù wọn kì í kúrò lápò. Tẹ́ ẹ bá rí i pé ojú ẹnì kan ti pọ́n, ẹ gba kíláàsì lọ́wọ́ ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò dìgbà tó bá bẹ̀ yín. Ẹ má fi fídíò ìròyìn han ara yín níbi tí ọmọ wà, etí wọn gùn.

Tí Púrímù bá sì ti kọjá kẹ́ ẹ tó ka èyí, tàbí ọdún yẹn jẹ́ ọdún tí Ádà máa ń jẹ́ méjì bíi 2027, tí Púrímù á bọ́ sínú Ádà kejì, kò sí wàhálà. Oṣù tuntun máa ń wọlé ní gbogbo ọjọ́ mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tàbí ọgbọ̀n, àwọn Júù máa ń fi àdúrà àti orin kí i, ilé ìwé púpọ̀ ò sì fi bẹ́ẹ̀ ka ọjọ́ yẹn sí, nítorí náà kò sẹ́ni tó máa bá yín du ú. Ẹ wo ọjọ́ tí èyí tó kàn bọ́ sí, ẹ gbàyè lọ́wọ́ tíṣà àgbà, kẹ́ ẹ wá àlọ́ kan sílẹ̀.